Ẹ Má Fi Owó Mi Ra Àánú Olùkọ́

Ẹ̀yin ará ilé mi ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀,

Mo ti gbọ́ iṣẹ́ tí Àǹtí jẹ́ sí mi: kí n fowó ránṣẹ́ kí ọmọ wọn lè ra hándáòtù tí olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì ń tà, kí n sì fi díẹ̀ lé e tí wọ́n á fi sọ́ọ̀tì olùkọ́ náà, kó lè fún un ní máàkì. Owó ilé-ẹ̀kọ́, màá san. Ìyókù yẹn, n ò san.

Ọmọ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé olùkọ́ yìí ní ìwé tó ń kọ orúkọ àwọn tó bá rà sí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, kó má wulẹ̀ retí máàkì. Ẹ wá ní kí n ṣàánú ọmọ. Ṣé àánú lèyí, àbí owó ìtúsílẹ̀?

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: ebi ń pa olùkọ́. Òótọ́ ni. Láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá 2022 ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi daṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba sì di owó oṣù wọn mú. Ṣùgbọ́n ìjọba ló febi pa á, ọmọ ìyá onígaàrí ló wá ń bù jẹ.

Bọ̀dá, ó kan yín. Ẹ fẹ́ ta ilẹ̀ Bàbá tó wà lọ́nà Ògbèrè kí ọmọ yín lè wá kàwé lọ́dọ̀ mi ní England níbí, torí pé òyìnbó lójú àánú. Ní 2024, Yunifásítì Teesside ní Middlesbrough lé àwọn ọmọ Nàìjíríà kan tí wọn ò rí owó san pé mọ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ṣe wọ́n. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí náírà 460 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023 ti lé ní 1,500 kó tó pé ọdún kan. Àṣẹ jáde pé kí wọ́n kúrò nílùú. Wọ́n fẹ̀hónú hàn, ilé-ẹ̀kọ́ ní òfin físà ni.

Ìdí ọ̀rọ̀ ni pé láti 2017 títí di 2024, ìjọba ò jẹ́ kí owó tí ọmọ onílé ń san ní England kọjá pọ́n-ùn 9,250 lọ́dún, bẹ́ẹ̀ gbogbo nǹkan ń wọ́n sí i. Owó ọmọ àlejò ni àwọn yunifásítì fi ń dí àlàfo náà. Oníbàárà lọmọ yín máa jẹ́ níbí, a kì í sì í tajà láwìn fún àlejò.

Èmi tí mò ń kọ́ni níbí náà ní ìwé orúkọ tèmi. Ní gbogbo kíláàsì ni mò ń sàmì sí orúkọ ẹni tó wá, torí pé ìjọba lè bèèrè ti àwọn oní-físà. Wákàtí tí mo fi kọ́ni nìkan ni wọ́n ń san fún mi. Ọmọ tó bá dúró lẹ́yìn kíláàsì tó ń sunkún owó ilé-ẹ̀kọ́, kò sí nínú àdéhùn. Mo máa ń jókòó tì í. Mo sì máa ń wo aago, kí bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ kejì má baà lọ.

Nítorí náà, ẹ fi ilẹ̀ Bàbá sílẹ̀. Ní ti olùkọ́ oníhándáòtù, ẹ̀yin òbí, ẹ para pọ̀ kọ̀wé sí ọ̀gá ẹ̀ka rẹ̀, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Ọmọ kan ṣoṣo ni olùkọ́ lè fi máàkì halẹ̀ mọ́. Gbogbo òbí lápapọ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé adìyẹ àti ìrẹsì lọ kí i kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ń kọ́ ọ níṣẹ́ yìí.

Gaàrí tí ẹ fi ránṣẹ́ ti tán, ẹ má jẹ́ kí ìbínú mi dínà èkejì. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ hándáòtù bá tún délẹ̀, kí ẹ tó pè mí, ẹ kọ́kọ́ pe olùkọ́ náà.

Èmi ọmọ yín, láti England.