FÀDÁKÀ ÀÀFIN KÌ Í ṢE ÒGO ÌSÌLÁÀMÙ

Ó ti di àṣà lẹ́nu àwọn kan láti máa fi ohun-ọ̀ṣọ́ fàdákà àtijọ́ ti ilẹ̀ Íńdíà yangàn. Wọn a tọ́ka sí ibùsùn, àga àti àwo tó ti ààfin àwọn ọba jáde, wọn a ní: "Ẹ wo ògo Ìsìláàmù!" Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ti ilé Mùsùlùmí jáde ni ó jẹ́ ti Ìsìláàmù.

Ẹ wo Nawab ìlú Bahawalpur, ọba Mùsùlùmí, tí ìlú rẹ̀ wà ní Pakistan lónìí. Ní 1882, ó ní kí ilé-iṣẹ́ Christofle ní Paris ṣe ibùsùn kan fún òun. Fàdákà tí wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ tó kìlógíráàmù 290. Ère obìnrin mẹ́rin oníhòòhò dúró sí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ń mi abẹ̀bẹ̀, wọ́n ń ṣẹ́jú, àpótí orin sì ń dún. Bẹ́ẹ̀ ni kò ju ọdún mẹ́rin lọ tí ìyàn ńlá ti 1876 sí 1878 pa ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ní Íńdíà. Ṣé èyí ni ògo?

Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún Mùsùlùmí láti jẹ tàbí mu nínú àwo wúrà àti ti fàdákà. Púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ sì ka àwọn ohun-èlò yòókù mọ́ ọn. Ẹni tó bá ní, "Ṣebí Ànọ́bì lo òrùka fàdákà," kí ó mọ̀ pé òrùka kò jọ ibùsùn. Sàká ńkọ́? Ìdá kan nínú ogójì kìlógíráàmù 290 ju kìlógíráàmù méje lọ, ẹ̀tọ́ aláìní sì ni lọ́dọọdún.

Bí ọ̀dọ́ bá ń wá ohun àmúyangàn ní Íńdíà, kí ó wo iṣẹ́ Bidri ti ìlú Bidar, tó gbilẹ̀ láyé àwọn ọba Bahmani. Síǹkì tí wọ́n fi bàbà díẹ̀ lú ni wọ́n ń lò. Oníṣẹ́-ọnà á fín ọnà sí i lára, á kan fàdákà tẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀, á sì fi iyẹ̀pẹ̀ inú odi àtijọ́ Bidar tí wọ́n po mọ́ iyọ̀ kan pa á. Ara rẹ̀ yóò dúdú, fàdákà nìkan ni yóò máa dán. Fàdákà ibẹ̀ kò tó nǹkan; ọgbọ́n ọwọ́ ni iyì rẹ̀. Ní 2006, òfin Íńdíà dáàbò bo orúkọ iṣẹ́ náà. Àwọn Mùsùlùmí wà lára àwọn tó ń fi í jẹun dòní.

Ọba ra ìyangàn. Oníṣẹ́-ọnà fi òógùn ojú jẹ halálì. Èwo nínú àwọn méjèèjì ló yẹ kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí fi ṣe àwòkọ́ṣe?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí dídán fàdákà bò yín lójú. Ẹ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ yọ sàká, ẹ sá fún ìnákúnàá. Ìwà lẹwà. Kí Ọlọ́hun fi wá mọ̀nà. Àmín.