Ẹ̀kọ́ Ìṣáájú Kì í Ṣe Ìdènà

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí nípa ẹ̀kọ́ òwò ní yunifásítì. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó fẹ́ di oníṣirò owó, òṣìṣẹ́ báǹkì tàbí alákòóso ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń ráyè wọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òwò ní ọdún kìn-ín-ní. Ẹlòmíràn kọ́kọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gbogbonìṣe, ẹlòmíràn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Ẹlòmíràn sì wà ní yunifásítì náà gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mìíràn ni wọ́n fún un. Nígbà tí ó bá yá, wọn a fẹ́ kọjá sí ibi tí ọkàn wọn wà tẹ́lẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ohun tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ni pé ẹni tí ó gba ẹnu ọ̀nà kejì wọlé kò tìtorí bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ tí àwọn tí ó gba ẹnu ọ̀nà kìn-ín-ní ti ṣe.

Ní Nàìjíríà, ọ̀nà mẹ́ta ni irú ìkọjá bẹ́ẹ̀ ń gbà wáyé. Èkínní ni ti ẹni tí ó ti ní ìwé-ẹ̀rí bí ND tàbí NCE lọ́wọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í jókòó fún ìdánwò àṣewọlé tí àjọ JAMB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1978, ń ṣe lọ́dọọdún. Yóò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ náà, bí wọ́n bá sì gbà á, ọdún kejì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Èkejì ni ti ẹni tí ó ń kúrò ní ẹ̀ka kan bọ́ sí òmíràn nínú yunifásítì kan náà. Ẹ̀kẹta ni ti ẹni tí ó ń ti yunifásítì kan lọ sí òmíràn. Ọ̀nà yòówù kí ó gbà, wọn yóò wo èsì ìdánwò àṣejáde rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Wọn yóò béèrè kírẹ́díìtì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò yóò sì wà nínú wọn. Fún ẹ̀kọ́ ìṣirò owó, ọ̀pọ̀ yunifásítì ń béèrè Ìmọ̀ Ọrọ̀ Ajé pẹ̀lú. Ìwé-ẹ̀rí ND, bí ó ti wù kí ó dára tó, kì í dípò kírẹ́díìtì tí kò sí.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìṣáájú kàn. Ẹ̀kọ́ ìṣáájú ni ẹ̀kọ́ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́, kí ó sì yege nínú rẹ̀, kí wọ́n tó gbà á láyè láti kọ́ èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òwò, àwọn tí ó ṣe pàtàkì nínú wọn ni ìpìlẹ̀ ìṣirò owó, ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, àti ẹ̀kọ́ ìṣirò tí oníṣòwò ń lò. Kì í ṣe pé àwọn olùkọ́ kàn tò wọ́n lásán. Ẹni tí kò mọ̀ pé owó kọ̀ọ̀kan tí ó wọlé tàbí tí ó jáde gbọ́dọ̀ fara hàn ní ojú méjì nínú ìwé owó, ní apá òsì àti ní apá ọ̀tún, kò lè mọ ibi tí àṣìṣe wà nígbà tí apá méjèèjì kò bá dọ́gba. Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ṣe yẹ ìwé ilé-iṣẹ́ ńlá wò ní ọdún kẹrin? Bákan náà, ẹni tí kò lóye bí èlé ṣe ń gorí èlé kò lè sọ bóyá ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ fi owó yíyá rà yóò mú èrè wá tàbí gbèsè. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Àwọn kan a máa sọ pé ìnilára ni ètò yìí. Wọ́n ní kí ni ìdí tí ẹni tí ó ti fi ọdún méjì kọ́ ìṣirò owó ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogbonìṣe yóò tún fi padà sí ìbẹ̀rẹ̀? Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Kò yẹ kí ènìyàn kọ́ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé orúkọ tí ilé-ẹ̀kọ́ kan ń pè é yàtọ̀ sí ti èkejì. Ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ni ó yẹ kí yunifásítì wò, kí wọ́n sì dá a sí bí ó bá ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó jọra pàápàá lè tan ni jẹ, nítorí ìṣirò tí wọ́n fi kọ́ ẹni tí yóò di olùkọ́ ọmọdé lè má dé ibi tí ti oníṣòwò dé. Àyẹ̀wò fínnífínní kì í ṣe ìkà.

Ibi tí ewu wà gan-an ni kí akẹ́kọ̀ọ́ má mọ ohun tí ó kù fún un láti ṣe. Bí àpẹẹrẹ, bí ọ̀dọ́ kan bá lo ọdún kìn-ín-ní ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta, tí ó sì kọjá sí ẹ̀ka ìṣirò owó ní ọdún kejì, kò tíì kọ́ ìpìlẹ̀ ìṣirò owó rárá. Wákàtí tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní lè jẹ́ wákàtí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tuntun wà ní kíláàsì tiwọn. Kò lè wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà yóò ní ó di ọdún tí ń bọ̀. Ọdún tí ń bọ̀ a dé, iṣẹ́ a tún pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n bá wá ń pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ fún ìsìnrú ìlú, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 1973, ẹ̀kọ́ ọdún kìn-ín-ní kan ṣoṣo yóò dá a dúró. Owó ilé, owó oúnjẹ àti owó ìwé ọdún kan yóò tún jáde láti inú ọjà tí ìyá rẹ̀ ń tà.

Ẹ̀bi èyí kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Yunifásítì tí ó gba ènìyàn láti ibòmíràn gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé kan tí ó to ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí wọn kò gbà, àti ìgbà tí yóò ṣe èyí tí ó kù. Kí ó tó san owó ilé-ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí ìwé yìí tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Oníṣòwò tí ó bo àbùkù ọjà rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí owó fi wọ àpò, gbogbo ọjà ni yóò bú u. Kò yẹ kí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní òwò hu irú ìwà bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó bá rò pé ìfàkókòṣòfò ni títẹ̀ lé ìpele, kí ó wo ìtàn Akíntọ́lá Williams, tí wọ́n bí ní 1919, tí ó sì kú ní 2023. Ó kọ́kọ́ gba dípúlómà nínú ẹ̀kọ́ òwò ní Yaba Higher College. Ní 1944 ó lọ sí ìlú Òyìnbó, ó sì gba oyè ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1946. Kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Ó tún tẹra mọ́ ẹ̀kọ́ títí ó fi di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ oníṣirò owó ní 1949. Ní 1952 ni ó tó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó Nàìjíríà, ICAN, sílẹ̀ ní 1965, òun ni ààrẹ àkọ́kọ́. Dípúlómà kò dí oyè lọ́wọ́, oyè kò sì sọ ìdánwò àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ di ohun tí kò pọn dandan.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní girama lónìí kò gbọdọ̀ sá fún Ìṣirò nítorí pé ó le. Bí ó bá di pé ó fẹ́ kọjá láti ibì kan sí ibòmíràn, ọ̀dọ̀ ẹ̀ka tí ó ń lọ ni kí ó ti béèrè, kì í ṣe lẹ́nu ọ̀rẹ́. Kí ó tọ́jú ìwé tí ó ṣàlàyé gbogbo ẹ̀kọ́ tí ó ti kọ́, kí ó sì kọ́kọ́ ṣe èyí tí ó kù lẹ́yìn kí ó tó dágbá lé tuntun. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà; ẹni tí ó bá sì mọ ohun tí ó jẹ ní gbèsè ni ó lè san án tán.