Ẹpọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀

Lánàá mo gbé fídíò kékeré kan síta pé kí ọkùnrin máa fọwọ́ yẹ ẹpọ̀n ara ẹ̀ wò. Kí n tó sùn, kọ́mẹ́ǹtì ti lé ní igba. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń bú mi. Ọ̀gbẹ́ni kan ní, "Kí ni obìnrin mọ̀ nípa ẹpọ̀n?" Òmíràn ní wọn ò kọ́ mi nílé. Ó dáa. Mo fẹ́ fèsì, ó sì máa gùn.

Ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀ rèé. Ọmọ ọdún 15 ni àbúrò mi ọkùnrin nígbà tí ìrora jí i ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, nílé wa ní Bódìjà níbí. Ó ń bì. Ó ní inú ló ń run òun. Mọ́mì fún un ní àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n ra oògùn ìrora ní kẹ́mísìtì. Ìrọ̀lẹ́ ló tó pè mí sí kọ̀rọ̀: "Àǹtí mi, kì í ṣe inú o. Ẹpọ̀n mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mọ́mì."

Nígbà tá a dé ọsibítù, ohun àkọ́kọ́ tí dókítà bi wá ni pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. A sọ fún un. Ó wo aago ara ògiri, kò sọ nǹkan kan mọ́. Wọ́n gé ọ̀kan kúrò lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò le láti ṣàlàyé. Okùn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹpọ̀n ló lọ́ pọ̀, bí okùn ìfami ṣe máa ń lọ́ nínú kànga, ẹ̀jẹ̀ ò wá lè kọjá. Tí wọ́n bá tú u láàárín nǹkan bíi wákàtí 6, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń rí i gbà là. Lẹ́yìn ìyẹn, ìrètí á máa dín kù ni. Àwọn ọmọkùnrin láti ọdún 12 sí 18 ló ń ṣe jù. Ẹ tún gbọ́ èyí: ní oṣù méjì ṣáájú, ó ti dùn ún bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì lọ fúnra ẹ̀. Kò sọ fẹ́nì kan. Ta ni kó sọ fún?

Ibẹ̀ ni ìjà mi wà. Nígbà tí èmi bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, mọ́mì àti àǹtí méjì ló jókòó tì mí. Ta ló jókòó ti ọmọkùnrin? "Ọkùnrin ni ẹ́, mú un mọ́ra" ni gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún un. Ẹ̀ ń fi ẹpọ̀n ṣàwàdà, ẹ̀ ń fi bú ara yín lójú títì, àmọ́ tó bá ti dọ̀rọ̀ ìlera, ó di "ibẹ̀ yẹn". Ẹnu èmi lẹ wá rí bínú sí. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀ ń pa làpálàpá.

Ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, ṣé ẹ rántí ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2024? AFCON, ní Abidjan. Troost-Ekong ti forí kàn án wọlé fún wa, Kessié dá a padà, tó wá di ìṣẹ́jú 81, Sébastien Haller na ẹsẹ̀, ó gba ife lọ́wọ́ wa. Mo gbọ́ igbe yín nínú ilé wa. Ọkùnrin yẹn kan náà ni wọ́n bá jẹjẹrẹ ẹpọ̀n lára ẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2022, kò tíì pé oṣù kan tó dé Dortmund. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó gba kímò nígbà mẹ́rin, ó sì padà sórí pápá ní oṣù kìíní ọdún 2023. Lọ́dún 2022 yẹn, agbábọ́ọ̀lù mẹ́rin ní líìgì Jámánì ni wọ́n bá a lára wọn. Jẹjẹrẹ yìí ò wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, mi ò ní purọ́ dẹ́rù bà yín. Àmọ́ ọ̀dọ́ ló máa ń mú jù, tí wọ́n bá sì tètè rí i, èyí tó pọ̀ jù ló ń san.

Èyí tá a mọ̀ dáadáa ládùúgbò ni ìpá. Nígbà mìíràn omi ló kó jọ sínú àpò ẹpọ̀n, nígbà mìíràn ìfun ló sọ̀kalẹ̀ wọbẹ̀. Kòkòrò tí ẹ̀fọn ń gbé kiri wà lára ohun tó ń fa ti olómi. Iṣẹ́ abẹ ń tún un ṣe. Mo mọ bàbá kan tó ti ń fi agbádá bò ó mọ́lẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní prámárì. Àwa ọmọdé a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú ń tì mí báyìí.

Ó ku iṣan tó máa ń wú nínú àpò ẹpọ̀n, apá òsì ló pọ̀ jù. Téèyàn bá dìde dúró tó fọwọ́ kàn án, á dà bí aràn tó dì pọ̀. Ó wà lára ohun tí wọ́n sábà máa ń bá lára ọkùnrin tí kò rọ́mọ bí. Ẹ̀yin bọ̀dá, ìyàwó yín ń ti orí òkè kan bọ́ sí òmíràn, mọ́mì yín ń pè é lágàn, ẹ̀yin ò tíì ṣàyẹ̀wò àtọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi ni wọn ò kọ́ nílé, abi?

Nọ́ọ̀sì kan kọ ọ́ sábẹ́ fídíò pé ìgbìmọ̀ kan ní Amẹ́ríkà sọ lọ́dún 2011 pé kí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe má wulẹ̀ máa yẹ ara ẹ̀ wò torí jẹjẹrẹ. Òótọ́ ni, ẹ ṣé mà. Ṣùgbọ́n mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa ṣọdẹ jẹjẹrẹ. Mo ní kó mọ bí tiẹ̀ ṣe rí, kó sì lè fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ tó bá yí padà. Àbúrò mi ò lè sọ ọ́ fún odindi ọjọ́ kan.

Ẹ wẹ̀ tán, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló dáa jù, kí àpò ẹ̀ rọ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka yí ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀. Kí ọ̀kan tóbi díẹ̀ ju ìkejì, tàbí kó wà nísàlẹ̀ jù ú lọ, kò burú. Okùn rírọ̀ kan wà lẹ́yìn ẹ̀, ara yín ni, ẹ má pariwo. Kókó líle, kódà kó má dùn yín, ẹ lọ rí dókítà. Ìrora òjijì, ẹ má mu àgbo, ẹ má sùn lé e lórí. Ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀. Láti Bódìjà dé UCH, kò jìnnà. Ẹ̀yin ìyá ọmọ náà, tí ọmọkùnrin yín bá pé oṣù mẹ́fà tí ẹpọ̀n méjèèjì ò tíì sọ̀kalẹ̀, ẹ gbé e lọ fún dókítà.

Àbúrò mi wà pa, ó ti wọ yunifásítì. Òun ló ní kí n sọ ọ́.

Ọ̀gbẹ́ni "kí ni obìnrin mọ̀", mo rí i pé o ti pa kọ́mẹ́ǹtì ẹ rẹ́, mo sì rí ohun tó o kọ ránṣẹ́ sí mi ní aago mẹ́ta òru. Mo ti dá ẹ lóhùn. Lọ lónìí, má dúró de ọjọ́ Ajé.