ṢÉ ẸRANKO NÌKAN NI ỌLỌ́HUN DÁ NI?

 

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Yorùbá, bí sáà ẹ̀kọ́ bá ti ń lọ sópin, olùkọ́ iṣẹ́-ọnà a máa pàṣẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n kó pàǹtírí jọ: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ìdérí ìgò mínírà, agolo mílíìkì, páálí, wáyà àti ògbólógbòó ìwé ìròyìn. Wọn a ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi wọ́n ṣe ohun kan tí ó jọ ẹ̀dá tí ó wà ní àyíká rẹ̀. Àṣẹ yìí kò burú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú ni àpẹẹrẹ tí olùkọ́ ń kọ sára pátákó: ẹyẹ, ẹja, erin, kìnnìún, orí ènìyàn. Bí ọmọ Mùsùlùmí bá wí pé wọ́n ti kọ́ òun ní ilé kéwú pé a kì í ṣe ère ohun abẹ̀mí, wọn a ní ọ̀lẹ ni, wọn a sì kọ òdo fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ìbẹ̀rù ọmọ yìí ní ìwà òpè. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbẹ́ ère ìbejì, tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu, ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti gba Ìsìláàmù. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n sá fún. Nínú àkójọ Bukhari àti ti Muslim ni ìkìlọ̀ wà pé ẹni tí ó ya àwòrán ohun abẹ̀mí ni a ó pè ní ọjọ́ ìgbéǹde pé kí ó fẹ́ ẹ̀mí sí i lára, kò sì ní lè ṣe é. Olùkọ́ tí ó fi èyí ṣe ẹlẹ́yà kò mọ ẹni tí ó ń kọ́.

Àwọn àlfáà kan náà sì ní ẹ̀bi tiwọn. Wọn a dé orí wáàsí, wọn a ní hàrámù ni gbogbo iṣẹ́-ọnà, kí òbí yọ ọmọ rẹ̀ kúrò nínú kíláàsì náà pátápátá. Níbo ni wọ́n ti rí i kà? Nínú Bukhari kan náà ni ìròyìn wà nípa ọkùnrin kan tí ó tọ Ibn Abbas lọ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni òun ń jẹ, àwòrán sì ni iṣẹ́ náà. Ibn Abbas sọ ìkìlọ̀ Ànábì fún un, ẹ̀rù sì ba ọkùnrin náà títí ojú rẹ̀ fi yí padà. Sàhábé ńlá yìí kò lé e lọ pẹ̀lú ebi. Ó ní bí kò bá lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ó máa ya igi àti gbogbo ohun tí kò ní ẹ̀mí. Ibn Abbas ṣí ilẹ̀kùn. Àlfáà òde òní ni ó ń tì í.

Àwọn mìíràn a tún gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Nínú ìlànà Imam Malik, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ yìí ń tẹ̀lé, onímọ̀ kan wà tí ń jẹ́ Asbagh tí ó fi àyè gba ère ohun tí kì í pẹ́ bàjẹ́. Òbí a di ọ̀rọ̀ yìí mú, a ní ère ọmọ òun kò ju nǹkan ìṣeré lọ. Ó gbàgbé pé rọ́bà kì í jẹrà. Erin onírọ́bà tí ọmọ ṣe yóò jókòó sórí kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí ọmọ náà ti jáde.

Kí ni ó tilẹ̀ ń lé wọn dé ibi erin? Ewé kókò kì í ha ṣe ẹ̀dá bí? Ìtàkùn, òdòdó, àpáta, òṣùpá, ìgbì òkun, ta ni ó dá wọn? Nígbà tí Khalifa al-Walid ń kọ́ mọ́sálásí ńlá Damasku láàárín ọdún 705 sí 715, igi, odò àti ilé ni wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi ṣe sára ògiri rẹ̀. Kò sí ènìyàn, kò sí ẹranko níbẹ̀, ẹwà rẹ̀ kò sì dín. Nítòsí ilé, El Anatsui, ọmọ Gánà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka ní ọdún 1975, di olókìkí káàkiri ayé nípa fífi wáyà bàbà so ìdérí ìgò ọtí pọ̀ bí aṣọ ńlá. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní Venice ní ọdún 2015, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ojú tàbí imú lára àwọn aṣọ náà. (Ìdérí mínírà tó ọmọ Mùsùlùmí, kò yẹ kí wọ́n rán an lọ ṣa ìdérí lẹ́nu ọ̀nà ilé ọtí.)

Iṣẹ́ náà kò le. Bí a bá lọ́ òwú wáyà púpọ̀ pọ̀, ó di ìtí igi. Bí a bá tú orí rẹ̀ ká, ó di ẹ̀ka, ìdí rẹ̀ a sì di gbòǹgbò. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a gé wẹ́wẹ́ ni ewé. Ìdí ìgò rọ́bà mínírà ti pín sí márùn-ún bí òdòdó láti ilé iṣẹ́ wá. Abẹ́ nìkan ni ó kù. Ìwé ìròyìn tí a rẹ, tí a gún, tí a fi sítáàṣì pò, dára fún èèpo igi, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí orúkọ Ọlọ́hun má baà wà nínú ohun tí a ó gún lódó.

Mùsùlùmí ni ó sì yẹ kí ó ṣáájú nínú iṣẹ́ pàǹtírí. Ànábì ka mímú ìnira kúrò lójú ọ̀nà mọ́ ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Àwọn ará Ìbàdàn kò gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí odò Ògùnpa kún tí ó gbé ènìyàn àti ilé lọ. Pàǹtírí tí wọ́n dà sínú rẹ̀ wà lára ohun tí ó dí i lọ́nà.

Èyí tí ó ba ni nínú jẹ́ jù ni ti baba tí ó gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ, tí ó pariwo pé ère kò bá ẹ̀sìn òun mu, tí ó sì padà lọ fi owó ra òdòdó onírọ́bà lọ́wọ́ oníṣọ̀nà lọ́jà kí ọmọ lè kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ànábì ti yọ ẹni tí ó bá ń rẹ́ni jẹ kúrò lára ìjọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí ó gba máàkì lórí iṣẹ́ tí kò ṣe, tí baba rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín sí i, ti kọ́ iṣẹ́-ọnà mìíràn.

Ọ̀ràn híjáàbù àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Èkó lo ọ̀pọ̀ ọdún kí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó dá a láre ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022. Èyí kò nílò lọ́yà. Kí òbí kọ lẹ́tà tí ó ní ọ̀wọ̀ kí sáà tó wọlé, kí ó dárúkọ ohun mẹ́ta tí ọmọ rẹ̀ lè ṣe: igi, òdòdó, àpáta Olúmọ. Bí olùkọ́ bá ṣì ní kìnnìún ni òun ń fẹ́, kí ó sọ ẹ̀kọ́ tí ẹni tí ó ṣe kìnnìún kọ́ tí ẹni tí ó ṣe ìrókò kò kọ́.