Pachisi, ayò tí ẹnì kan kì í dá borí

Ní ilẹ̀ Íńdíà, ayò kan wà tí ó ń jẹ́ Pachisi. Ó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti ń ta á. Ènìyàn 4 ni ó ń ta á, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀tá 4. Ẹgbẹ́ 2 ni wọ́n. Àwọn tí wọ́n kọjú sí ara wọn ni wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan. Pupa àti àwọ̀ ewé jẹ́ ẹgbẹ́ kan. Dúdú àti àwọ̀ ìyeyè jẹ́ ẹgbẹ́ kejì.

Orí aṣọ tí ó ní apá 4 bí àgbélébùú ni wọ́n ti ń ta ayò náà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọmọ ayò 4. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 16. Owó ẹyọ ni wọ́n máa ń dà sílẹ̀, irú èyí tí àwọn Yorùbá ń ná láyé àtijọ́. Wọ́n á ka èyí tí ó la ẹnu sókè, kí wọ́n tó mọ ibi tí ọmọ ayò yóò rìn dé.

Láti àárín ni ọmọ ayò ti ń jáde. Yóò yí gbogbo etí aṣọ náà ká, yóò sì padà wálé sí àárín. Bí ó bá dúró lé ibi tí ọmọ ayò ẹgbẹ́ kejì wà, ó pa á nìyẹn. Èyí tí wọ́n pa yóò tún ìrìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ àwọn ibì kan wà tí wọ́n fi àmì sí. Ẹni tí ó bá wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè pa á.

Ayò yìí dára púpọ̀. Àkọ́kọ́, ẹnì kan kì í dá borí nínú rẹ̀. Ọmọ ayò 8 ti ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé pátá. Ẹni tí ó kọ́kọ́ délé kò tíì jẹ ayò, nítorí ẹnì kejì rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà.

Èkejì, ó ń kọ́ ọmọ láti ro ti ẹlòmíràn. Bí àpẹẹrẹ, dúdú ń lé àwọ̀ ewé bọ̀ lẹ́yìn. Pupa rí i. Pupa lè sáré lọ sílé tirẹ̀. Ó sì lè pa dúdú, kí àwọ̀ ewé lè rí ọ̀nà lọ. Ọlọ́gbọ́n ọmọ yóò kọ́kọ́ gba ẹnì kejì rẹ̀ là.

Ẹ̀kẹta, ó ń kọ́ni ní ìṣirò. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kà yóò kọjá ibi tí ó yẹ kí ó dúró.

Àwọn ọba pàápàá fẹ́ràn rẹ̀. Ọba Akbar jọba ní Íńdíà láti ọdún 1556 títí di 1605. Ní ìlú rẹ̀, Fatehpur Sikri, àgbàlá kan wà tí a ń pè ní àgbàlá Pachisi. Wọ́n máa ń sọ pé ènìyàn gidi ni ọba fi ṣe ọmọ ayò níbẹ̀!

Ṣùgbọ́n Pachisi ní àléébù. Ó máa ń pẹ́. Aago lè lù kí ayò tó parí. Lẹ́yìn náà, owó ẹyọ kò mọ ọlọ́gbọ́n yàtọ̀ sí òmùgọ̀. Ọmọ lè ronú dáadáa, kí owó ẹyọ má sì ṣe é ní oore.

Àléébù tí ó burú jù ni ẹ̀bi. Ọmọ kan ti kó gbogbo ọmọ ayò rẹ̀ wọlé. Ti ẹnì kejì rẹ̀ ṣì ku 2. Ẹni tí ó yára jókòó, ó ń wòran. Sùúrù rẹ̀ tán, ó kígbe pé: «Ìwọ lo fẹ́ kí wọ́n jẹ wá!» Ọ̀rọ̀ náà dun ẹnì kejì. Kò ṣe àṣìṣe kankan. Owó ẹyọ ni kò dáa fún un.

Ṣé ó yẹ kí àwọn ọmọ wá sá fún irú ayò yìí? Rárá. Àléébù rẹ̀ ṣeé tún ṣe. Kí àwọn ọmọ máa pààrọ̀ ẹgbẹ́ lẹ́yìn ayò kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ̀gbọ́n máa bá àbúrò ṣe ẹgbẹ́. Bí aago bá lù, kí wọ́n ka ọmọ ayò tí ó ti délé, kí wọ́n fi mọ ẹni tó borí. Kí ẹnikẹ́ni má sì bú ẹnì kejì rẹ̀.

Àwọn ọmọ Kétu àti Àjàṣẹ́ mọ Lúdò. Láti inú Pachisi ni Lúdò ti wá. Ọdún 1896 ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú Lúdò, tara ẹni ni oníkálukú sábà máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ 4 lè ta á ní ẹgbẹ́ méjì-méjì bíi Pachisi. Yóò dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ọmọ tí ó bá lè dúró de ẹnì kejì rẹ̀ nídìí ayò, yóò lè dúró dè é lọ́nà odò àti lọ́nà oko.