Ta ló sọ fún wa pé ẹ̀ṣẹ̀ wọn ló pa wọ́n?



Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Tọ́kì àti Síríà ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2023, ẹ̀mí tó lé ní 50,000 ló bá a lọ. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ń sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹ̀yin tí ẹ gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ta ló sọ fún yín?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn onímọ̀ rí. Láti nǹkan bí ọdún 1988 ni wọ́n ti ń gbé ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ti sátẹ́láìtì kalẹ̀ ní Tọ́kì, irú sátẹ́láìtì tí fóònù wa fi ń mọ̀nà, tí wọ́n sì ń kọ ibi tí ilẹ̀ wà sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ ọjọ́ kan kò lè fi nǹkan kan hàn, torí ìrìn ilẹ̀ lójúmọ́ kò ju fọ́nrán irun lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n to ti ọ̀pọ̀ ọdún pọ̀, ó hàn gbangba: ilẹ̀ Lárúbáwá ń ti Tọ́kì láti gúúsù, Tọ́kì sì ń sún sí ìwọ̀-oòrùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lọ́dún. Níbi tí ilẹ̀ méjèèjì ti fara kanra, wọ́n máa ń há mọ́ra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ tí wọ́n bá já, ilẹ̀ á fi ìṣẹ́jú díẹ̀ rin ìrìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Ṣé kì í ṣe Ọlọ́hun ló ṣe é ni? Òun mà ni. Òun ló dá ilẹ̀, Òun ló fún un ní òfin tó ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ tí kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ wà lára àwọn tó kú. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì ka Mùsùlùmí tí ilé wó pa mọ́ àwọn ṣàhídì. Ẹni tí Ànábì kà sí ṣàhídì, ṣé àwa ni yóò pè é ní ẹni ègún?

Ẹ̀rọ yẹn kò lè sọ ọjọ́ tí ilẹ̀ yóò mì. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun nìyẹn wà. Ṣùgbọ́n ó ń fi ibi tí ewu wà hàn, kí wọ́n lè kọ́ ilé tó lágbára síbẹ̀. Ká so ràkúnmí mọ́lẹ̀ ká tó gbára lé Ọlọ́hun nìyẹn.

Nítorí náà, bí àjálù bá dé bá ẹlòmíràn, ẹ ṣe àdúà, ẹ yọ sàráà, kí ẹ sì béèrè ohun tó fà á lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin òbí, ọmọ tó ń ké kéwú lè kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ pẹ̀lú.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn tó lọ, kí Ó sì ṣọ́ ahọ́n wa. Āmīn.