Ẹ̀rọ Láṣọ, Kò Lákìísà

Dòdò Ìkirè kì í ṣe dòdò. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ rí ti mọ èyí. Àwọn tó ń tà á á sáré bá ojú fèrèsé ọkọ̀, wọn á nà án sí ọ: ó dúdú, wọ́n mọ ọ́n bí òkìtì kékeré, epo pupa ń dán lára ọ̀rá tí wọ́n fi wé e, ata inú rẹ̀ á sì mú ọ máa wá omi kí o tó dé Gbọ̀ngán. Ìrẹsì kò bá a tan rárá.

Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó wà ní yunifásítì, gbé ìwé mẹ́rin wá bá mi pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò kí òun tó fi ránṣẹ́ sí olùkọ́. Ìtàn Ìkirè àti Àpòmù ni wọ́n ní kó kọ. Gbólóhùn kẹta ní dòdò Ìkirè ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, tí a gé pẹlẹbẹ, tí a fi òróró dín, tí a sì ń jẹ pẹ̀lú ìrẹsì. Mo wo ọmọ. Ọmọ wò mí. Ìyá wa, tó jẹ́ ìyá ìyá rẹ̀, ọmọ Àpòmù tó ṣe ìyàwó sí Ìkirè, owó dòdò yìí ló fi rán èmi àti ìyá ọmọ náà níléèwé.

Mo ní, "Ta ló sọ èyí fún ẹ?"

Ó ní, "AI ni mo bi, Dádì Ìbàdàn." Ó sọ ọ́ bí ẹni pé bàbá kan báyìí ni AI ń jẹ́, ní ẹ̀yìnkùlé wọn.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Kò sí ohun tó fẹ́ àlàyé níbẹ̀. Aṣọ là ń rà lọ́jà, àkísà kò sí lórí àtẹ ẹnikẹ́ni. Ọdún ló ń sọ aṣọ dà á. N kò sì fẹ́ fi òwe náà na ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọdé tí mò ń bá wí ni ẹ̀rọ tó lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ tí irú rẹ̀ kò ju ìparí ọdún 2022 lọ tó dé ọwọ́ gbogbo ayé, tó wá ń fi agbádá dáhùn ìbéèrè. Aṣọ ọrùn rẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo ọba Ọ̀ṣun lọ. Kò ní àkísà kan ṣoṣo.

Ojú ìwé kejì ló dùn mí jù. Ẹ̀rọ náà kọ ọ́ pé inú ọjà Àpòmù ni ogun Kírìjì ti bẹ̀rẹ̀, láàrin Ìbàdàn àti Ìjẹ̀ṣà. Ẹ gbà mí! Ogun tó ti ọjà Àpòmù ṣẹ́ ni ogun Òwu, ní bí igba ọdún sẹ́yìn, nígbà tí Ìbàdàn kò tíì di ibùdó ológun. Ọjà náà ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé, ibẹ̀ náà sì ni àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ti ń jí àwọn oníṣòwò tà lẹ́rú. Wọ́n rán Olówu pé kó fòpin sí i, ó sì fi ogun ṣe é. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì tutù tí ìjà ataare fi dé: ará Ìjẹ̀bú kan àti ará Òwu kan ń bá ara wọn fà á lórí ataare tí wọ́n kà fúnra wọn. Ataare o! Ó di ti ìlú sí ìlú. Ìjẹ̀bú gbé ìbọn, ó dara pọ̀ mọ́ Ifẹ̀. Àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé bá wọn dó ti Òwu, ọdún ń gorí ọdún kí ìlú náà tó fọ́. Àwọn tó fọ́ ọ kò sì padà sílé. Wọ́n ń fọ́ ìlú Ẹ̀gbá kiri títí wọ́n fi jókòó sí Ìbàdàn. Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ọmọ-ọmọ ìjà yẹn ni. Ẹ̀rọ náà fo bàbá, ó ní bàbá-ńlá ló bí ọmọ-ọmọ.

Àṣìṣe nìkan kọ́ ló bí mi nínú. Èmi náà ń ṣì í. Bó ṣe sọ ọ́ ni. Bí Ìyá wa bá ń pìtàn, "wọ́n ní" ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Á ní ẹnu bàbá òun lòun ti gbọ́ eléyìí, ojú òun kò tó tọ̀hún, àwọn ará Òwu kì í sì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá dé orí rẹ̀. Gbogbo "wọ́n ní" yẹn, àkísà ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbó, ibi tó ti ya, ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, o ń fi ọwọ́ kàn án bí ó ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ dán látòkè délẹ̀, kò sí ojú abẹ́rẹ́ kan lára rẹ̀.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ inú rẹ̀ ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi rí. Ó ti ka òkìtì ìwé tí ènìyàn kò lè kà láyé méje, ó sì ń wo irú ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Níbi tó bá ti kàwé púpọ̀, ó máa ń gbà á. Níbi tí ìwé bá ti ṣọ̀wọ́n, ohun tó bá fara jọ ọ́ ló ń mú wá. Ó rí "dòdò", ó mú ìrẹsì wá, nítorí àwo kan náà ló ti máa ń bá àwọn méjèèjì. Ó rí "ogun", ó rí "Ọ̀ṣun", Kírìjì ló sún mọ́ ọn jù. Ó dà bí alátẹ tí kò fẹ́ kí oníbàárà lọ lọ́wọ́ òfo: o béèrè ẹ̀gúsí bàrà, bàrà kò sí, ó wọn ìtóò fún ọ, ó ní bàrà nìyí. "Kò sí" ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Ibo la tilẹ̀ ti rí ìtàn ataare yìí kà? Lára àkísà ni. Samuel Johnson, àlùfáà tó wà ní Ọ̀yọ́, kọ ìtàn Yorùbá tán ní 1897. Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1899, ó sì sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́. Johnson kú ní 1901 láì rí i. Àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, tó jẹ́ dókítà oníṣègùn, ló kó àwọn àkọsílẹ̀ jákujàku tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, tó jókòó tún gbogbo rẹ̀ kọ. (Ìyẹn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tún sọnù: ní 1916, ọkọ̀ ojú omi Appam tó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì nínú ogun àgbáyé, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Bí ẹni pé orí ìwé náà kò fẹ́ kó dé.) 1921 ló tó jáde. Aṣọ ńlá sọnù sókè òkun. Àkísà tó kù nílé ni wọ́n rán di ìwé tí gbogbo ayé ń kà lónìí.

Dòdò Ìkirè gan-an ńkọ́? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá àlà, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, tí ìlú mìíràn á kó dànù, òun ni wọ́n ń bó, tí wọ́n ń fi ata àti iyọ̀ sí, tí wọ́n ń fi epo pupa dín títí á fi dúdú. Wọ́n ní obìnrin kan tí ebi ń pa, tí kò ní ohun mìíràn nílé, ló kọ́kọ́ dán an wò. Àkísà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló sọ ìlú di olókìkí. Ẹ̀rọ wá lọ wọ̀ ọ́ láṣọ tuntun, ó gé e pẹlẹbẹ, ó bu ìrẹsì tì í.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ á sọ: ṣé àgbà kì í parọ́ ni? Ó ń parọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ilé àgbà tó parọ́ fún mi, mo sì lè lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru. Ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohun tí n kò lè fi sílẹ̀ ni èyí tí ọmọ náà sọ nígbà tí mo pariwo tán. Ó dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ ọ́, kí n má lè pè é láìlẹ́kọ̀ọ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, Dádì Ìbàdàn. Ibo lẹ kọ èyí tẹ́ ẹ mọ̀ sí, tí ẹ̀rọ ì bá ti rí i kà?"

N kò rí èsì fọ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ bọ̀, ọ̀rọ̀ àlejò tí kò mọ ìlú ni. Mo gbàgbé pé èmi onílé kò gbé nǹkan kan síta. Wikipedia ní èdè Yorùbá kò ní tó 50,000 àpilẹ̀kọ, ti Gẹ̀ẹ́sì sì lé ní 6,000,000. Ta ló yẹ kó kọ ti Àpòmù síbẹ̀, ará Jámánì? Mo wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ọmọ ìlú wa, ojoojúmọ́ la ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìkíni àárọ̀, àwòrán òdòdó, àdúrà tí wọ́n ní ká fi ránṣẹ́ sí ènìyàn méje, fídíò olóṣèlú. Bí àgbà kan bá ṣì ọwọ́ fi ohùn pìtàn, á pẹ́ títí ìṣẹ́jú mẹ́ta, a ó ṣe "àmín" sí i, ó tán. Lọ́jọ́ tí fóònù bá sọnù sínú ọkọ̀, ìtàn náà bá a lọ. Nígbà tí a bá sì kọ nǹkan, a kì í fi àmì ohùn sí i. Èmi tí mò ń bú ẹ̀rọ yìí, ẹ lọ wo ohun tí mo kọ síbẹ̀ lánàá: kò sí àmì kan.

Ọ̀ṣun kọ́ ló kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ní ọdún 2013, ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tó jẹ́ gómìnà nígbà náà, pín Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí orúkọ rẹ̀ ń rán ni létí ọpọ́n Ifá. Ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Ó dára, n kò ní bú u. Ṣùgbọ́n ọpọ́n babaláwo kì í ṣiṣẹ́ láìsí ìyẹ̀rosùn, ìka ènìyàn ló sì ń tẹ odù sí i. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Bosun Tijani tó jẹ́ mínísítà kéde pé Nàìjíríà yóò ṣe ẹ̀rọ tó gbọ́ èdè wa. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, wọ́n gbé N-ATLAS jáde, tó ń gbọ́ Yorùbá, Haúsá, Ígbò àti Gẹ̀ẹ́sì ẹnu wa. Inú mi dùn sí i. Kì í ṣe òun náà ni yóò wọ mọ́tò wá sí Ìkirè, wá jókòó sórí àpótí lẹ́bàá agbada Ìyá wa. UNIOSUN, yunifásítì Ọ̀ṣun, ní ọgbà kan nínú Ìkirè, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ọmọnìyàn àti àṣà. Láti ibẹ̀ sí ibi tí àwọn ìyá ti ń dín dòdò, ẹsẹ̀ lásán ń gbé ènìyàn dé e.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé ọmọ náà lọ bá ìyá ìyá rẹ̀. Mo ní kó tan fóònù rẹ̀, kó gbé e sílẹ̀, kó sì pa ẹnu mọ́. Ìyá wa sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì. Ẹ̀rọ ìlọta aládùúgbò wà nínú rẹ̀, ẹkún ọmọ wà nínú rẹ̀, ìyá kan tó wá ra epo náà wà nínú rẹ̀, òun náà dá sí ọ̀rọ̀ náà pé irọ́ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ nílé àwọn. Wọ́n jọ jiyàn díẹ̀. Ọmọ wá ní kí n má ṣe ìyọnu, ẹ̀rọ á bá wa kọ ọ́ sílẹ̀ kíá. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó kọ ọ́ lóòótọ́.

Ìyá wa ní, "Kí ló wí?"

Ọmọ kà á síta. Gbogbo ibi tí Ìyá ti pe "ìjà ataare", "ìjà àtàárọ̀" ni ẹ̀rọ kọ síbẹ̀.

Ìyá bú sẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní, "Àtàárọ̀ kẹ̀? Tó bá jẹ́ àtàárọ̀ ni, ì bá ti parí kí ilẹ̀ tó ṣú."

Mo wá bírò. A tan ohùn náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kọ ọ́, ọmọ ń kọ, èmi ń fi àmì sí i, Ìyá ń tún wa ṣe. Ìṣẹ́jú méje la kọ tí wọ́n fi mú iná lọ, fóònù náà sì kú. Mo fẹ́ dìde. Ìyá ní kí n jókòó, ká má gbé bírò sílẹ̀, òun kò tíì sọ ti ẹni tó kọ́kọ́ ka ataare náà.